Heini Nìkan Ló Sáré Jáde

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orí kunkun Heini ló ba ti ẹgbẹ́ Norðurvágur jẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹ ní Marjun tó ń fọ jẹ́sì ní irọ́ ni. Ọdún kẹtàlélógún rè é tí mo ti ń fọ aṣọ àwọn ọmọkùnrin yẹn. Mo mọ ẹni tó ń wọ inú ẹrẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ń sá fún un. Jẹ́sì Heini, nọ́ńbà kẹrin, ló máa ń gba àkókò mi jù, torí kò síbi tí ẹrẹ̀ kì í sí lára rẹ̀ àfi abíyá. Ọkùnrin tí ẹ rí nínú tẹlifíṣọ̀n tó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, tó dá wà, tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun kọ́ ló ṣẹ̀. A dalẹ̀ rẹ̀ ni. Bí a ṣe dà á ni mo fẹ́ sọ.

Ilé wa àti ilé wọn fara kanra. Elspa ìyá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Heini nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ kò padà wálé. Lọ́dọ̀ wa, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Àlùfáà nìkan ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà onílé, ẹlòmíràn kì í dá a sọ. Bí a bá ti rí àlùfáà nínú aṣọ dúdú lójú títì láàárín ọ̀sẹ̀, oníkálukú á máa bẹ Ọlọ́run kó kọjá ilé òun. Lọ́jọ́ náà, rédíò ti sọ ọ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n àlùfáà wà ní erékùṣù kejì, ìjì sì há a mọ́bẹ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Elspa wà nídìí ẹja ní ilé iṣẹ́, wọ́n ti pa rédíò ibẹ̀ kó má baà gbọ́. Heini ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo abúlé ń kọjá, gbogbo abúlé mọ̀, a sì ń wò ó. Mo gé kéèkì fún un. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó sọ fún mi pé ikú bàbá òun kọ́ ló dun òun jù. Ó ní bí òun ṣe ń rẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ yẹn ni.

Iṣẹ́ àwọ̀n ló kọ́. Àwọ̀n ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀sìn ẹja nínú òkun, bó bá ya, Heini ló ń rán an. Ó ń fi èyí jẹun, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ló ń gbá, láàárín gbùngbùn. Kò yára rárá. Elspa a máa sọ pé bí èèyàn bá rán Heini níyọ̀, ọbẹ̀ á ti jiná, wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán, kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá, orí Heini sì yá. Òfin ọ́fúsáìdì ló fi ń jẹun lórí pápá.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òfin náà lẹ́nu ìyá tó ń fọṣọ, kò le. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù síwájú bá kan bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì rẹ̀ tó fẹ́ gbà á kò gbọ́dọ̀ ti sún mọ́ ojú ilé ju àwọn adílémú, ìyẹn àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn bíi Heini, lọ. Bó bá ti ré wọn kọjá, alásíá tó wà létí ìlà á gbé àsíá, góòlù tó bá jẹ kò níye. Nítorí náà, bí àwọn adílémú mẹ́rin bá jọ sáré jáde kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, gbogbo ọ̀tá tó wà lẹ́yìn wọn ti bọ́ sínú ọ́fúsáìdì láìgbé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́rin bá dúró sẹ́yìn, òfin kò mú ẹnikẹ́ni mọ́.

Heini wá gé okùn àwọ̀n tó ti gbó, ó so ó mọ́ ìbàdí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fi mọ́ ti ara rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ń ṣe é, fún ọdún mọ́kànlá. Bí ọ̀tá bá gba fíríkíìkì láti òkèèrè, Heini kì í wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a ló ń wò. Bó bá ku ìṣísẹ̀ kan, á na ọwọ́ òsì sókè, á pariwo pé "Jáde!", àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lọ́ra, okùn á wọ́ ọ ṣubú. Eyðun, àbúrò Durita ìyàwó rẹ̀, ṣubú tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ kò fi kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi ní ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. Heini ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Orí tábìlì Heini ló ti ń jẹun nígbà tí bàbá tiwọn ń mutí, nígbà tó sì gbójú, ẹ̀gbẹ́ Heini gan-an ló dúró sí láàárín ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, okùn kò wúlò mọ́. Bí Heini bá na ọwọ́, ẹsẹ̀ mẹ́jọ á gbéra.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni Norðurvágur kọ́kọ́ dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin ní Europe. Oníṣẹ́ iná, olùkọ́, apẹja, gbogbo wọn wọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ará Belgium kọ́kọ́ fi mẹ́ta sí òdo gbá wá lẹ́nu. A lọ ta ọ̀mì kan sí ọ̀kan ní Slovenia. A na àwọn ará Turkey méjì sí ọ̀kan ní Tórshavn, olú ìlú wa, nínú afẹ́fẹ́ tó ń gbé àga kiri, a sì lọ ta ọ̀mì ní ilé tiwọn. Nígbà tí àwọn ará Belgium wá, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni alásíá gbé àsíá fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án! Olórí àtamátàsé wọn bínú títí ó fi fi bàtà gbá ìgò omi mi. Òdo sí òdo ló parí. Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo, kí àwọn ará Slovenia wá bá wa. Àmì mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ wa, márùn-ún lọ́wọ́ tiwọn. Ọ̀mì tó fún wa láti wọ ìpele kejì.

Heini ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó ti sọ fún gbogbo wa pé bí a bá ti wọlé, òun á fi bàtà kọ́, òun ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ní òun kò tọrọ ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òun kàn fẹ́ kí ìlà ẹni mẹ́rin tí òun fi okùn kọ́ mú abúlé wa kọjá, kó má jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí kò yára nìkan ni wọ́n á fi máa rántí òun. Ohun tó ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, ìjì já àwọ̀n ẹja mẹ́ta. Gbogbo àwọn aránwọ̀n wọ inú ọkọ̀, Heini sì bá wọn lọ, kò lè wá sí ìgbáradì. Ọjọ́ náà gan-an ni Kresten, kóòṣì wa, ará Denmark, fi fídíò han àwọn tó kù. Ó ní àwọn ará Slovenia ti ka ẹ̀tàn wa. Bí ọwọ́ Heini bá ti gòkè, ẹnì kan nínú wọn á ti ẹ̀yìn sáré wọlé nígbà tí tiwa ń sáré jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba fíríkíìkì láti òkèèrè, kí ẹnikẹ́ni má jáde mọ́, kí oníkálukú di ẹni tirẹ̀ mú. Mi ò bú Kresten fún ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ó wá kọjú sí Eyðun, ó ní ìwọ ni àna rẹ̀, bá mi sọ fún un. Lójú ará Denmark, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ irú èèyàn tí àwa jẹ́.

Eyðun lọ sílé Heini nírọ̀lẹ́. Ó bá a nídìí oúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí okùn, ẹran àgùntàn gbígbẹ wà níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó to pọ̀tétò mẹ́rin sínú àwo, ó ń fi han Durita bí Ọjọ́bọ̀ ṣe máa rí. Eyðun jókòó, ó bá wọn jẹun, ó gbóríyìn fún ẹran, ó dìde. Ẹnu ọ̀nà ló ti wá rọra sọ fún Durita ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Durita ní ó ti rẹ ọkọ òun, kí wọ́n jẹ́ kó sùn, ilẹ̀ ọ̀la máa mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ni Eyðun gbà wá. Ó yí ká, ó wo fèrèsé, ó wo ìbọ̀sẹ̀ tí mò ń ká, mo sì mọ̀ pé ọmọ yìí gbé nǹkan dání.

"Àǹtí Marjun, ẹ̀yin ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu," ló bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kó sọ ohun tó bá wá. Ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí.

"Tó bá wá gba bàtà ẹ̀, ẹ kàn bá mi jù ú sí i létí, bí ẹni ń ṣàwàdà."

"Ṣé èmi ni àlùfáà ni? Ìwọ ni wọ́n rán. Lọ jíṣẹ́."

"Àǹtí, ó to pọ̀tétò mẹ́rin sínú àwo. Ó fi fọ́ọ̀kì tì wọ́n síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé a ò ṣe é mọ́?"

"Ẹnu tó o fi jẹ ẹran ẹ̀ náà ni kó o fi sọ ọ́. Ẹnu yẹn ò kéré."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní kò burú, òun á lọ.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, Heini wọlé fún bàtà. Ó ń súfèé. Ó bi mí bóyá màá bá wọn dé Tórshavn, mo ní ta ni ì bá máa fún wọn ní táwẹ́ẹ̀lì. Ó ní kí n máa wo ọwọ́ òsì òun dáadáa lọ́la. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, mo mọ òwe yẹn, mo sì ti fi bá ọ̀pọ̀ ọmọ wí. Ọ̀rọ̀ náà wà létí ètè mi. Mo ní kó lọ fi báńdéèjì di ìka rẹ̀ tó bó. Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo sọ fún ara mi pé Eyðun á sọ. Durita náà sọ fún ara rẹ̀ pé Eyðun á sọ. Eyðun ní tirẹ̀ gbà pé ọ̀kan nínú àwa obìnrin á sọ, àwọn adílémú méjì yòókù sì gbà pé ẹnì kan ti sọ ọ́ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe dákẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà nínú yàrá ìmúra, mò ń pín táwẹ́ẹ̀lì. Kresten fà sún mọ́ Eyðun, ó bi í bóyá àna rẹ̀ ti gbọ́. Eyðun ní ó ti gbọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ irọ́ yẹn, táwẹ́ẹ̀lì sì wà lọ́wọ́ mi. Kresten wá kọjú sí gbogbo wọn, ó ní bí a ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni kí wọ́n ṣe é. Heini ṣáà mirí pé òun gbọ́. Kí ló fẹ́ rò? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo ni wọ́n sọ ohun mìíràn rí láti ọdún mọ́kànlá?

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wa ní abala àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé wa. Ní abala kejì ó yí padà, ó ń fẹ́ lù wá lójú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dúró. Heini fi orí kàn án, ó fi àyà gbà á, ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀ títí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi hàn mọ́. Ìṣẹ́jú méjìlélọ́gọ́rin kọjá, òdo sí òdo, kò sì sí fíríkíìkì kan láti òkèèrè. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ilé wa pẹ̀lú agbọ̀n táwẹ́ẹ̀lì, mò ń bẹ Ọlọ́run kí ó má sì sí títí rẹfirí á fi fun fèrè ìkẹyìn. Bí kò bá sí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Àdúrà mi nìyẹn. N kò bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi lẹ́nu.

Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́rin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbá ẹsẹ̀ ará Slovenia kan nítòsí àárín pápá. Fèrè dún. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin to ara wọn bí okùn ṣe kọ́ wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá sì dúró ti Heini, géńdé kan tó ga bí òpó iná. Heini ń wo ẹsẹ̀. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀, bó ṣe máa ń rọ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é gan-an, ẹ má rò pé mi ò pè é. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Ọwọ́ òsì gòkè. "Jáde!"

Ó sáré jáde. Òun nìkan. Àwọn mẹ́ta tó kù dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n di ẹni tiwọn mú bí kóòṣì ṣe wí. Heini kò wẹ̀yìn, ó ń sáré, ó na ọwọ́, ojú rẹ̀ wà lára alásíá bí ẹni tó ń retí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Alásíá wo àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, kò sì gbé àsíá. Kí ló fẹ́ gbé e fún? Géńdé yẹn dá dúró níbi tí Heini ti fi í sílẹ̀, kò tilẹ̀ nílò àtifò. Ó fi orí kàn án wọlé. Ariwo àwọn àlejò ni Heini fi mọ̀. Ó yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó rí àwọn mẹ́ta ní ìlà gbọọrọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó sì ń wò wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n ya àwòrán náà.

Kò sí góòlù mìíràn mọ́. Àwọn ará Slovenia wọ ìpele kejì, àwa wọ yàrá ìmúra. Kresten wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé tó o fi sáré jáde? Ṣebí a ti jọ fẹnu kò."

Heini gbé ojú sókè, ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ta lẹ bá fẹnu kò?" ló ní.

Kresten wo Eyðun. Eyðun ń tú okùn bàtà rẹ̀, bàtà tó ti tú tẹ́lẹ̀. Heini tẹ̀ lé ojú Kresten dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀, ó wo àwọn méjì tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè. Ó dìde, ó gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi, ó lọ wẹ̀. Omi náà pẹ́ kó tó dá.

Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, èbúté tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé mi ni Heini ti lọ ká Eyðun mọ́ ibi tó ti ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Mò ń sá táwẹ́ẹ̀lì. Fèrèsé ṣí, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbọ́.

"Nígbà tí mo na ọwọ́, ṣé o rí mi?"

"Mo rí ẹ."

"O rí mi tí mò ń lọ."

"Mo rí ẹ. Mo rò pé wàá wẹ̀yìn."

"Mi ò wẹ̀yìn rí, Eyðun. Ohun tí mo fi okùn kọ́ ẹ nìyẹn. Pé ká má wẹ̀yìn, torí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ń bọ̀."

Eyðun ní òun kò fẹ́ kó dùn ún ni. Heini bi í léèrè bóyá kò dùn ún báyìí. Ó wá ní kó sọ fún òun ta ló tún mọ̀. Eyðun dárúkọ àwọn adílémú méjèèjì. Ó wá dárúkọ Durita. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rí mi lójú fèrèsé láàárín táwẹ́ẹ̀lì. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ní kò sí ẹlòmíràn. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ṣàánú, tàbí ó fẹ́ kó ṣẹ́ ku ẹnì kan fún Heini láyé.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Heini lọ bi ìyàwó rẹ̀, Durita sì sọ òótọ́, ó ní òun fẹ́ kó sùn ni. Heini kò bú u. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ sílé àwọ̀n níbi iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lásìkò yẹn, ìwé ìròyìn ń gbé àwòrán rẹ̀ kiri. Kresten sọ fún wọn pé àṣìgbọ́ ló ṣẹlẹ̀, kí ìjà àna méjì má baà dé ìta. Ẹni tó ka ìyẹn gbà pé Heini ló ṣi gbọ́, wọ́n ní àgbàlagbà ti gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Abúlé wa ò ju igba ilé lọ, gbogbo igba ilé ló mọ bó ṣe jẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, kò sì sẹ́ni tó kọ ìlà kan sí ìwé ìròyìn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbé ẹja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọ̀n. Ẹnìkan gbé odidi itan àgùntàn síbẹ̀. Heini gbé e fún ajá.

Lọ́jọ́ tó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò nílé yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé jẹ́sì rẹ̀ dání, ó ká a dáadáa, ẹrẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbé e lé tábìlì. Kò jókòó.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀, pé mo pè é, pé afẹ́fẹ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ń retí pé kí n sọ pé rárá.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

Ó jókòó, ó fi orí lé jẹ́sì ẹlẹ́rẹ̀ yẹn, ó sunkún bí mi ò ṣe rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí àlùfáà kanlẹ̀kùn wọn. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọwọ́ yìí náà ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi, a sì jọ ń wo bọ́ọ̀lù òkè òkun. Ó ti padà sílé Durita. Ó ń kí Eyðun bí èèyàn ṣe ń kí ará àdúgbò. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní òun ti ronú sí i, òun kò ní í fi bàtà kọ́. Ó ní òun máa gbá ọdún kan sí i, torí èèyàn kò gbọ́dọ̀ fi irú àwòrán yẹn jáde láyé bọ́ọ̀lù. Ó ní láti oṣù kẹta òun máa mú okùn jáde padà, òun á fi àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀.

"Bí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun nípa mi nínú ẹgbẹ́, Àǹtí, ẹ máa sọ fún mi, àbí? Ẹ̀yin nìkan ni mo ní tí kò dà mí."

Àwọn jẹ́sì tuntun ti dé láti Ọjọ́rú. Páálí wọn wà lábẹ́ tábìlì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Mo ti tú u wò. Orúkọ Eyðun ló wà lẹ́yìn jẹ́sì nọ́ńbà kẹrin, kò sì sí orúkọ Heini nínú gbogbo páálí náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ní kí n rọra bá wọn sọ fún un, torí èmi ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Mo ní màá sọ fún un, kò sí ohun tí mo máa gbọ́ tí mi ò ní sọ. Mo la ẹnu mi, mo sì bi í bóyá kí n fi ṣúgà kún kọfí rẹ̀.